Kí Ló Dé Tí Fíríìjì Wáàtì 150 Fi Ń Pa Ínfátà Wáàtì 800? Àlàyé Lórí Iná Tó Ń Rọ́ Wọlé

Ẹ ti ṣe ìṣirò yín dáadáa. Gílóòbù LED 10, wáàtì 9 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó di 90. Fáànù 2, wáàtì 70 ẹyọ kan, 140. Tẹlifíṣọ̀n, 100. Fíríìjì, 150. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ wáàtì 480. Ẹ wá ra ínfátà 800, ẹ ní àyè ṣì ṣẹ́ kù dáadáa. Gílóòbù tàn, fáànù ń fẹ́, tẹlifíṣọ̀n ń sọ̀rọ̀. Ó ku fíríìjì. Bó ṣe ní òun fẹ́ gbéra báyìí, ínfátà ké “píìì”, gbogbo ilé ṣókùnkùn.

Ẹni tó ta ínfátà ni wọ́n máa kọ́kọ́ bú. Ẹlòmíì á ní fíríìjì ló ti bàjẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí èyí tó bàjẹ́ nínú àwọn méjèèjì, ìṣirò yẹn gan-an kò sì ṣì. Ó kàn jẹ́ pé ìbéèrè tí ẹ dáhùn kọ́ ni fíríìjì bi ínfátà. Wáàtì 150 tí wọ́n kọ sára fíríìjì ni ohun tó ń jẹ nígbà tó bá ti jókòó tán. Ohun tó ń gbà lẹ́nu ọ̀nà kó tó jókòó, ìṣirò tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Inrush current ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pe ohun tó ń gbà lẹ́nu ọ̀nà yìí. Èmi á máa pè é ní ìrọ́wọlé iná, torí ó jọ ìgbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn kan tí èrò ti dúró tì látàárọ̀. Ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, gbogbo wọn á rọ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, ilẹ̀kùn á fẹ́ẹ̀ yọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá máa wọlé ní méjì-méjì, bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Yorùbá ní ìbẹ̀rẹ̀ kọ́ ni oníṣẹ́. Ní ti iná, ẹ jọ̀wọ́, ìbẹ̀rẹ̀ gan-an ni ká ṣọ́.

Kí lẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ká tó ṣí ìṣirò?

Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ni. Fọ́ltéèjì ni agbára tó ń ti iná lẹ́yìn, bí omi inú táńkì gíga ṣe ń ti omi inú páìpù. Áńpíà ni bí iná tó ń ṣàn kọjá nínú wáyà ṣe pọ̀ tó. Ìdènà ni bí ọ̀nà tó ń gbà kọjá ṣe fún tó, óòmù la sì fi ń wọ̀n ọ́n. Wáàtì ni bí iṣẹ́ tí iná ń ṣe ṣe ń yára tó.

Òfin tó so wọ́n pọ̀ ni èyí tí Georg Ohm, ará Jámánì, gbé jáde ní 1827: áńpíà jẹ́ fọ́ltéèjì tí a pín pẹ̀lú óòmù. Bí óòmù bá kéré, áńpíà á pọ̀. Gbogbo ohun tí a máa sọ nípa ìrọ́wọlé iná, inú gbólóhùn kékeré yìí ló ti wá. Ẹ̀rọ tó ń rọ́ iná wọlé ni ẹ̀rọ tí ohun tó ń dí iná lọ́nà nínú rẹ̀ kéré nígbà tí ẹ tẹ suwíìṣì, tó sì pọ̀ sí i nígbà tó bá ti wọ inú iṣẹ́.

Fọ́ltéèjì 230 ni màá fi ṣe gbogbo àpẹẹrẹ mi. Bó bá jẹ́ 120 ni tiyín, ẹ pààrọ̀ nọ́ńbà, ìlànà rẹ̀ kò yí padà. Ẹ tún rántí pé 230 yìí kì í dúró lójú kan. Ó ń gòkè, ó ń sọ̀ bí ìgbì: ó ń dé òdo nígbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan lórí iná 50 Hz (ìgbì 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan), góńgó rẹ̀ sì jẹ́ 230 × 1.414, ìyẹn 325. Ẹ fi 325 yìí sọ́kàn, ó ń bọ̀ wá jà.

Ẹ̀rọ wo ni kì í rọ́ iná wọlé?

Áyọ́ọ̀nù, kẹ́tùlù oníná, sítóòfù oníná. Wáyà nichrome ló ń gbóná nínú ọ̀pọ̀ wọn, ìdènà rẹ̀ nígbà tó tutù àti nígbà tó gbóná kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Áyọ́ọ̀nù wáàtì 1,000 ń gba 1,000 ÷ 230, ìyẹn áńpíà 4.3, láti ìgbà tí ẹ tàn án títí ẹ fi pa á. Ìdí nìyí tí ínfátà kan fi lè gbé áyọ́ọ̀nù wáàtì 700 láìmí hẹlẹ, kí fíríìjì wáàtì 150 sì dá a dùbúlẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i á rò pé idán ni.

Kí ló dé tó jẹ́ pé ìgbà tí a bá tan gílóòbù àtijọ́ ló máa ń jó?

Gílóòbù tó ní òwú irin tẹ́ẹ́rẹ́ nínú ni mò ń sọ, kì í ṣe LED. Tungsten ni òwú yẹn. Bó bá tutù, ìdènà rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú 10 sí ìdá kan nínú 15 ohun tó máa jẹ́ nígbà tó bá tàn.

Ẹ jẹ́ ká mú gílóòbù wáàtì 60. Iná tó ń gbà nígbà tó tàn jẹ́ 60 ÷ 230, áńpíà 0.26. Ìdènà rẹ̀ nígbà náà jẹ́ 230 ÷ 0.26, nǹkan bí óòmù 880. Ẹ wá yọ ọ́ kúrò lára iná, ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ sì fi mítà wọn ìdènà rẹ̀. Kí ó máà yà yín lẹ́nu bí ẹ bá rí 65. Bí ẹ bá tẹ suwíìṣì lásìkò tí ìgbì iná wà ní góńgó, 325 ÷ 65 jẹ́ áńpíà 5. Ohun tí 0.26 tó fún, 5 ló gbà lójijì. Kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá tí òwú náà á fi gbóná, tí gbogbo rẹ̀ á sì rọlẹ̀, àmọ́ bí ibì kan bá ti fẹ́lẹ́ lára òwú náà, ibẹ̀ ló máa já.

Èyí ni ìṣirò tó rọrùn jù: ẹ wọn ìdènà nígbà tó tutù, kí ẹ fi pín fọ́ltéèjì. Ó ṣeni láàánú pé gílóòbù nìkan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà kí a ṣe é bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fi mítà wọn ìdènà wáyà inú mọ́tò, tó wá pín 230 pẹ̀lú rẹ̀, irọ́ ni ìṣirò rẹ̀ máa pa fún un.

Mọ́tò ńkọ́, kí ló dé tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi le?

Kì í ṣe mọ́tò tí à ń wọ̀ o. Mọ́tò oníná ni mò ń sọ, èyí tó ń yí nínú fáànù, pọ́ǹpù omi, fíríìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù.

Nígbà tí mọ́tò bá ń yí, òun fúnra rẹ̀ ń ṣe bíi jẹnẹrétọ̀ kékeré. Ó ń bí fọ́ltéèjì tirẹ̀, èyí tó kọjú sí fọ́ltéèjì tó ń wọlé tó sì ń tì í padà. Ìyẹn ni kì í jẹ́ kí iná pọ̀ jù nínú wáyà rẹ̀. Bí kò bá tíì yí, kò sí ẹni tó máa tì í padà. Ohun tó kù láti dá iná dúró kò ju wáyà tí wọ́n wé àti òòfà inú rẹ̀ lọ, àwọn yẹn ò sì tó nǹkan. Ẹ ronú nípa ẹni tó fẹ́ ti kẹ̀kẹ́ ẹrù tó dúró. Títì àkọ́kọ́ ló ń mú kí iṣan ọrùn yọ. Bí táyà bá ti ń yí, ọwọ́ kan ti tó.

Mọ́tò tí wọ́n so mọ́ iná tààrà sábà máa ń gba ìlọ́po 5 sí 8 iná tó ń lò nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́ ní kíkún. Ó sì ń gbà á títí ó fi dé eré rẹ̀. Bí ẹrù tó gbé bá fúyẹ́, kì í tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Bó bá wúwo, ó lè di ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Báwo wá la ṣe ń ṣírò ti mọ́tò?

Ẹ kọ́kọ́ wá iná tó ń lò nígbà tó ń ṣiṣẹ́, kí ẹ tó sọ ọ́ di ìlọ́po. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Bí wọ́n bá kọ “1 HP” sára pọ́ǹpù, ìyẹn wáàtì 746, iṣẹ́ tó ń jáde láti ẹnu ọ̀pá rẹ̀ ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe iná tó ń wọlé. Nǹkan méjì ló wà láàárín. Àkọ́kọ́, mọ́tò kì í sọ gbogbo ohun tó jẹ di iṣẹ́. Díẹ̀ ń di ooru. Ìkejì ni ohun tí wọ́n ń pè ní power factor, tí wọ́n máa ń kọ cos φ sí lára pátákó orúkọ mọ́tò. Ẹ fojú inú wò ó bí ẹni tó ń fi okùn fa ọkọ̀ ojú omi láti etídò: kì í ṣe gbogbo agbára tó fi ń fà ló ń ti ọkọ̀ síwájú, nítorí okùn náà dagun. Wáyà yín ló ń ru gbogbo fífà náà, àtèyí tó ṣe iṣẹ́ àtèyí tí kò ṣe.

Ká ní ìdá 0.75 ló ń di iṣẹ́, kí cos φ sì jẹ́ 0.8. Iná tó ń wọlé jẹ́ 746 ÷ (230 × 0.8 × 0.75). Ìyẹn 746 ÷ 138, áńpíà 5.4. Ẹni tó kàn pín 746 pẹ̀lú 230 á rí 3.2, á sì ra wáyà àti bírékà tó kéré jù. Ní báyìí, ẹ sọ 5.4 di ìlọ́po 6, ó di áńpíà 32. Áńpíà 32, láti ara pọ́ǹpù kékeré kan!

Fún mọ́tò ńlá, kò yẹ ká máa méfò ìlọ́po. Lára pátákó mọ́tò tó tẹ̀ lé ìlànà Amẹ́ríkà, ẹ máa rí lẹ́tà kan tí wọ́n pè ní code letter. Lẹ́tà yìí ń sọ iye kVA (fọ́ltéèjì tí a sọ di ìlọ́po áńpíà ni VA, kVA kan sì jẹ́ VA 1,000) tí mọ́tò máa gbà fún HP kọ̀ọ̀kan nígbà tí kò tíì yí. G, fún àpẹẹrẹ, wà láàárín 5.6 sí 6.3. Bí mọ́tò HP 10 tó ń lo iná oní-fésì mẹ́ta, fọ́ltéèjì 460, bá ní G, ẹ sọ 6.3 di ìlọ́po 10, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 1,000, kí ẹ wá pín in pẹ̀lú 1.732 × 460 (1.732 ni nọ́ńbà tí a fi ń ṣírò iná oní-fésì mẹ́ta). Ẹ máa rí 79. Bí ẹ bá fi 5.6 ṣe é, 70. Nítorí náà, láàárín áńpíà 70 sí 79 ni yóò wà, ọkàn yín balẹ̀. Ní ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀ lé ìlànà IEC, ìyẹn ìlànà àgbáyé fún ohun èlò oníná, ìwé mọ́tò ni wọ́n máa kọ ọ́ sí gẹ́gẹ́ bí ìlọ́po, IA/IN (iná ìbẹ̀rẹ̀ tí a pín pẹ̀lú iná iṣẹ́), bíi 6.5 tàbí 7.

Kí ni LRA tó wà lára fíríìjì?

Ẹ yí ẹ̀yìn fíríìjì tàbí ti ẹ̀rọ amúlétutù wò, kí ẹ wo ara kọnpurẹ́sọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá rí LRA, ẹ ti rí wúrà. Áńpíà tó ń gbà nígbà tí mọ́tò rẹ̀ bá wà lójú kan ni wọ́n kọ síbẹ̀, ẹ ò nílò láti ṣírò ohunkóhun mọ́. Ó máa ń yani lẹ́nu fún mi pé àwọn èèyàn á máa jiyàn lórí ìlọ́po 5 tàbí 8, nígbà tí ìdáhùn wà ní ẹ̀yìn ẹ̀rọ tí eruku ti bò.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ bí mọ́tò bá ń kùn àmọ́ tí kò yí?

Ó wà lẹ́nu ọ̀nà ìrọ́wọlé, kò sì jáde níbẹ̀. Èyí ló léwu jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ooru tó ń wà nínú wáyà kì í bá áńpíà pọ̀ sí i ní ọgbọọgba. Bí áńpíà bá di ìlọ́po 6, ooru á di ìlọ́po 36. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kò ní pa á lára. Ìṣẹ́jú kan lè sọ ọ́ di eérú.

Nǹkan méjì ló sábà máa ń fà á. Ọ̀kan ni wáyà gígùn tó tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ rántí pọ́ǹpù wa tó ń gba 32. Bí ìdènà wáyà láti ibi iná dé ibi pọ́ǹpù bá jẹ́ óòmù 0.5, fọ́ltéèjì tó máa ṣòfò lójú ọ̀nà jẹ́ 32 × 0.5, ìyẹn 16. Ìdí nìyẹn tí gílóòbù fi ń ṣẹ́jú nígbà tí pọ́ǹpù bá gbéra. Bó bá wá jẹ́ wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n so mọ́ra-wọn-mọ́ra-wọn tí ìdènà rẹ̀ tó óòmù 2, fọ́ltéèjì tó máa dé ọ̀dọ̀ pọ́ǹpù lè wálẹ̀ sí nǹkan bíi 170. Agbára tí mọ́tò fi ń yí sì ń rẹlẹ̀ ju fọ́ltéèjì lọ, torí ìdá fọ́ltéèjì tó kù la máa sọ di ìlọ́po ara rẹ̀: 170 jẹ́ ìdá 0.74 lára 230, àmọ́ agbára yíyí rẹ̀ á já sí 0.74 × 0.74, ìyẹn 0.55. Ó fẹ́ yí, kò lè yí, ó ń kùn.

Ìkejì wà nínú fíríìjì. Nígbà tí kọnpurẹ́sọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, ẹ̀gbẹ́ kan nínú páìpù rẹ̀ ṣì kún fún gáàsì tó há gádígádí, ẹ̀gbẹ́ kejì sì fúyẹ́. Ó ń fẹ́ ìṣẹ́jú bíi 3 sí 5 kí méjèèjì tó dọ́gba. Bí iná bá lọ tó sì padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, mọ́tò á fẹ́ gbéra níwájú gáàsì tó ń tì í. Kò ní lè ṣe é. Ẹ máa gbọ́ “kùùù”, lẹ́yìn náà “tá”: ohun kékeré tó ń dáàbò bò ó nítorí ooru ló ti já yẹn. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ á tún gbìyànjú. Ohun tí ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi ṣọ́ fíríìjì ń ṣe nìyẹn nígbà tó bá ka ìṣẹ́jú mélòó kan kó tó fún un ní iná. Ẹ má fo ìṣẹ́jú yẹn.

Àwọn ẹ̀rọ tó ní kàpásítọ̀ ńkọ́?

Kọ̀ǹpútà, tẹlifíṣọ̀n, ṣájà, gílóòbù LED: nínú gbogbo wọn, iná tó wọlé máa ń kọ́kọ́ lọ kún inú kàpásítọ̀. Kàpásítọ̀ dà bíi kẹ̀ǹgbẹ̀ tó ń tọ́jú iná. Nígbà tó bá ṣófo, kò ní ìdènà kankan tirẹ̀. Ó ń ṣe bíi wáyà méjì tí ẹ so kanra. Ohun kan ṣoṣo tó máa dá iná dúró ni ìdènà wáyà àti àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ tó wà lójú ọ̀nà.

Góńgó 325 tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn ti dé báyìí. Bí ìdènà ojú ọ̀nà bá jẹ́ óòmù 1 péré, tí ẹ sì tẹ suwíìṣì lásìkò góńgó, 325 ÷ 1 jẹ́ áńpíà 325. Fún tẹlifíṣọ̀n! Lóòótọ́, wáyà àti àwọn nǹkan míì máa ń dín in kù díẹ̀, àmọ́ iye tó lè jó fíùsì ni síbẹ̀síbẹ̀.

Nítorí náà ni àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ fi máa ń fi nǹkan kékeré kan tí wọ́n ń pè ní NTC sí ẹnu ọ̀nà. Ìwà rẹ̀ yàtọ̀ sí ti tungsten: nígbà tó tutù, ìdènà rẹ̀ pọ̀, bí iná bá ti ń gba inú rẹ̀ kọjá, ó ń gbóná, ìdènà rẹ̀ á sì wálẹ̀. Aṣọ́nà tó le lójú àlejò tuntun ni, tó ń rọ̀ bí ojú bá ti ń mọra. Bí NTC bá jẹ́ óòmù 10, àpapọ̀ ìdènà di 11, ìrọ́wọlé á sì jẹ́ 325 ÷ 11, nǹkan bí áńpíà 30. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín 325 àti 30 ni iṣẹ́ nǹkan kékeré yẹn.

Ìgbà wo ló máa dópin? Ẹ sọ óòmù di ìlọ́po fáràdì, ìyẹn ohun tí a fi ń wọn bí kàpásítọ̀ ṣe tóbi tó (µF kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù fáràdì). Kàpásítọ̀ 220 µF pẹ̀lú óòmù 11 jẹ́ 0.0024 ìṣẹ́jú àáyá, ìyẹn mílísẹ́kọ́ńdì 2.4. (Mílísẹ́kọ́ńdì 1,000 ló wà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan.) Ní ìlọ́po márùn-ún àkókò yẹn, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún tán. Ẹni tó bá fẹ́ yan NTC gbọ́dọ̀ tún wo agbára tó máa kọjá nínú rẹ̀: ìdajì 220 µF, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 325 lẹ́ẹ̀mejì, ó jẹ́ júùlù 11.6. Bí NTC kò bá lè gba iye yẹn, á là.

Àbùkù aṣọ́nà yìí nìyí. Bí ẹ bá pa ẹ̀rọ tí ẹ sì tún tàn án lójú ẹsẹ̀, NTC ṣì gbóná, ojú rẹ̀ ti rọ̀, á sì jẹ́ kí gbogbo èrò rọ́ wọlé. Àṣà ká máa tẹ suwíìṣì tàn-pa-tàn-pa nígbà tí nǹkan ò bá ṣiṣẹ́, òun ló ti pa ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí kò ṣe ẹnikẹ́ni.

Ínfátà náà ní kàpásítọ̀ ńlá nínú, ìyẹn ló fà á tí ó fi máa ń ta pàrà nígbà tí ẹ bá fẹ́ so ó mọ́ bátìrì. Bátìrì 48 V, kí gbogbo ìdènà ojú ọ̀nà jẹ́ 0.05: áńpíà 960. Ìgbà àkọ́kọ́ tó ta mọ́ mi lọ́wọ́, mo ju sípánà nù, ojú irin tí mo fẹ́ dè sì ti jó ní kóńkó títí dòní. Ọ̀nà àbáyọ rẹ̀ kò gba owó: ẹ kọ́kọ́ fi rẹsítọ̀ (nǹkan kékeré tí wọ́n ṣe láti dí iná lọ́nà) óòmù 50 so wọ́n pọ̀. Iná tó máa kọjá kò tó áńpíà 1. Bí kàpásítọ̀ bá jẹ́ 10,000 µF, láàárín ìṣẹ́jú àáyá 2.5 ó ti kún. Ẹ wá so wáyà gidi. Kò ní ta.

Kí ló dé tí tiransífọ́mà ń já bírékà lónìí, tí kò sì já a lọ́la?

Ìbéèrè yìí ti da ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ iná láàmú. Wọ́n á dé, wọ́n á tan ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò ní sí nǹkan kan. Wọ́n á gba owó wọn, wọ́n á lọ. Lọ́la, bírékà já.

Irin àárín tiransífọ́mà ní ìwọ̀n agbára òòfà tó lè gbé, bí tìmùtìmù ṣe ní ìwọ̀n omi tó lè fà mu. Bí ẹ bá tẹ suwíìṣì lásìkò tí ìgbì iná wà ní òdo, òòfà inú irin á fẹ́ gòkè dé nǹkan bí ìlọ́po méjì tàtẹ̀yìnwá. Irin á kún, kò ní lè gbà mọ́, wáyà tí wọ́n wé mọ́ ọn á sì dà bíi wáyà lásán. Ìlọ́po 10 sí 15 iná tó kọ sára rẹ̀ lè wọlé. Tiransífọ́mà 1,000 VA tó ń lo áńpíà 4.3 lè gba 43 sí 65. Bí òòfà bá tún ṣẹ́ kù nínú irin látìgbà tí ẹ pa á kẹ́yìn, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bó bá ṣe pé ìgbì wà ní góńgó nígbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́, kò ní sí ariwo. Ẹ ṣàkíyèsí pé òdì kejì kàpásítọ̀ nìyẹn: góńgó ló burú fún kàpásítọ̀, òdo ló burú fún tiransífọ́mà. Ọwọ́ èèyàn kò sì lè yan ibi tó máa tẹ̀ ẹ́ sí lórí ìgbì tó ń dé òdo nígbà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bírékà náà kò ya wèrè. Oríire ni ẹ ṣe ní àná.

Iná náà pọ̀, àmọ́ fún ìgbà wo?

Bírékà kì í wo iye nìkan, ó ń wo àsìkò. Lára rẹ̀, ẹ máa rí B, C tàbí D ṣáájú nọ́ńbà. Nínú ìlànà IEC, B ń já lójú ẹsẹ̀ láàárín ìlọ́po 3 sí 5 nọ́ńbà rẹ̀, C láàárín 5 sí 10, D láàárín 10 sí 20. B10 lè já ní áńpíà 30 sí 50. C10 ní 50 sí 100. Pọ́ǹpù wa tó ń gba 32 á máa bá B10 jà, kò sì ní yọ C10 lẹ́nu. Ọ̀pọ̀ èèyàn á kàn ra bírékà tí nọ́ńbà rẹ̀ tóbi jù, èyí tí wáyà ò lè gbà. Lẹ́tà ló yẹ kí wọ́n pààrọ̀.

Gílóòbù LED náà ní ọ̀rọ̀ tiẹ̀ níbí. Bí ìwé ọ̀kan bá sọ pé áńpíà 30 fún mílísẹ́kọ́ńdì 0.2, tí ẹ sì so 20 mọ́ suwíìṣì kan, 600 ni ìṣirò máa sọ. Wáyà kò ní jẹ́ kó tó bẹ́ẹ̀, àsìkò rẹ̀ sì kúrú débi pé bírékà lè fojú fò ó. Síbẹ̀ wọ́n máa ń já. Ẹ má ṣe ìṣirò yìí fúnra yín. Àwọn tó ṣe é máa ń kọ iye tí a lè so mọ́ bírékà kan sínú ìwé rẹ̀.

Ṣé a lè wọ̀n ọ́n dípò ká ṣírò rẹ̀?

Mítà lásán kò yá tó. Nígbà tó bá fi máa kọ nọ́ńbà, èrò ti wọlé tán. Fún mọ́tò, ẹ wá mítà alámùú (clamp meter) tí wọ́n kọ INRUSH sí, ẹ so ó mọ́ wáyà kan ṣoṣo, ẹ tẹ bọ́tìnnì náà kí ẹ tó tan mọ́tò. Fún kàpásítọ̀ tí ti rẹ̀ ń parí láàárín mílísẹ́kọ́ńdì díẹ̀, àyàfi osilosíkóòpù, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán bí iná ṣe ń gòkè tó sì ń sọ̀.

Kí la lè ṣe láti dín in kù?

Mọ́tò oní-fésì mẹ́ta lè lo star-delta, ìyẹn ọ̀nà tí wọ́n ń gbà so wáyà inú mọ́tò lọ́nà kan nígbà tó ń gbéra, kí wọ́n tó yí i padà nígbà tó bá ti ń yí, tó ń sọ iná ìbẹ̀rẹ̀ di ìdá kan nínú mẹ́ta. Mọ́tò HP 10 wa á gba 26 dípò 79. Àmọ́ agbára yíyí rẹ̀ náà á di ìdá kan nínú mẹ́ta, nítorí náà kò dáa fún ohun tó gbé ẹrù wúwo láti ìbẹ̀rẹ̀. Soft starter ń gbé fọ́ltéèjì gòkè díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń yí eré mọ́tò padà ló dáa jù, ó sì wọ́n jù. Òun ló wà nínú àwọn fíríìjì tí wọ́n kọ “inverter” sí, tí kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ́ iná wọlé.

Ká padà sí ilé tó ṣókùnkùn. Ká ní LRA fíríìjì yẹn jẹ́ 8. 8 × 230 jẹ́ VA 1,840. Àwọn yòókù, gílóòbù, fáànù àti tẹlifíṣọ̀n, jẹ́ 330. Àpapọ̀, 2,170. (Ó ga díẹ̀ ju òótọ́ lọ, torí iná ìbẹ̀rẹ̀ mọ́tò àti ti gílóòbù kì í dé góńgó lẹ́ẹ̀kan náà, àmọ́ kó ga ni mo fẹ́.) Bí ínfátà 800 yẹn bá tilẹ̀ lè gbé ìlọ́po méjì fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, 1,600 ni. Ibẹ̀ ló ti kú.

Àwọn kan máa ń dámọ̀ràn pé ká ra 1,000, tó lè gbé 2,000 fún ìgbà díẹ̀, ká wá máa tan fíríìjì nìkan kí a tó tan ohun tó kù. 1,840 kò tó 2,000, àbí? Á ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ tí ẹ tàn án. Àmọ́ fíríìjì ń pa ara rẹ̀, ó sì ń tan ara rẹ̀ bí òtútù inú rẹ̀ bá ṣe wà, kì í sì í béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Láago méjì òru, nígbà tí fáànù méjèèjì ń fẹ́ tí gílóòbù sì ń tàn, á tún gbéra. Ká tilẹ̀ yọ tẹlifíṣọ̀n kúrò, 2,070 ni ínfátà máa rí nígbà náà.